Ta Ló Ń Kórè Ẹ̀rín? Bàbá Sàlà, Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn àti Ẹnu Géètì

Ẹnìkan nínú yín ló kọ̀wé sí mi pé kí n sọ nǹkan lórí Bàbá Sàlà, pé èmi tí mo máa ń da ohùn àti gírámà bò yín lórí, kí n jẹ́ ká rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan. Mo dúpẹ́. Àmọ́ kò ní jẹ́ ẹ̀rín nìkan. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn máa ń sọ tí wọ́n bá dárúkọ bàbá náà: "Aláwàdà kì í mọ owó tọ́jú." Wọ́n á ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owó ò bá a dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Tí a bá tẹ̀ lé iṣẹ́ ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a óò rí i pé ìwà rẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn. Ẹnu géètì ni ìdáhùn wà: ibi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ òǹwòran, àti ẹni tó dúró níbẹ̀ tó ń gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ti inú ọ̀rọ̀ náà gan-an bẹ̀rẹ̀, torí iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Àwàdà, ẹ̀fẹ̀, yẹ̀yẹ́

"Oní" àti "àwàdà" ló para pọ̀ di aláwàdà. Ìró "n" inú "oní" máa ń di "l" nígbà tí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì tó yàtọ̀ sí "i", fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ "oní" náà á sì yí padà kó lè bá èkejì rẹ̀ mu. Bí aṣọ ṣe di aláṣọ, tí ẹja di ẹlẹ́ja, tí epo di elépo, bẹ́ẹ̀ náà ni àwàdà di aláwàdà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ẹni tó ni àwàdà". Ẹ fi "ẹni tó ni" yẹn sọ́kàn, a óò padà débẹ̀.

Yorùbá kì í pe gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní orúkọ kan náà. Tí wọ́n bá fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, ojú á tì í, á sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ lè dùn, síbẹ̀ ẹ̀gún lè wà nínú rẹ̀. Ẹ wo òru ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí wọ́n ti ń bá oníwà burúkú wí lójú gbogbo ìlú. Àwàdà yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ rẹ́rìn-ín lè jókòó sáàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, kó máa bá wọn rín in. Nígbà tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aláwàdà, irú ẹ̀rín tó fẹ́ tà ló ń sọ fún wa.

Láti orin dé orí ìtàgé

Ọdún 1936 ni wọ́n bí i, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni. Orin ló kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ó ní ẹgbẹ́ olórin háílàìfù kan tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1967. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí a wá mọ̀ sí ọba orin jùjú, ọmọ iṣẹ́ aláwàdà ni nígbà kan.

Kì í ṣe nǹkan ìyanu pé olórin di òṣèré. Nínú àṣà alárìnjó, ijó, orin àti eré kì í pínyà. Ẹ wo orúkọ náà fúnra rẹ̀: rìn, jó. Wọ́n á rìn dé ìlú kan, wọ́n á jó, wọ́n á gba ẹ̀bùn, wọ́n á tún gba ọ̀nà ìlú mìíràn lọ. Aládùúgbò wa Hubert Ògúndé, ará Òṣòṣà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ òde òní ní àwọn ọdún 1940: ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀, ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tí Ògúndé là ni àwọn tó kù tọ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí owó ṣe ń wọlé níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹgbẹ́ òṣèré á háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ọgbà ilé ìwé. Ní Rẹ́mọ níbí, mọ́tò wọn á máa yí Ṣágámù ká láti ọ̀sán, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí rẹ̀, ìlù nínú rẹ̀, àwa ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e títí dé Sábó. Wọ́n mọ àsìkò tí àwọn oníṣòwò obì ní owó lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń wá. Tó bá di alẹ́, ọ̀gá ẹgbẹ́ tàbí ìyàwó rẹ̀ á dúró sẹ́nu géètì. Ẹni tí kò bá sanwó kò ní wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀gá ti mọ iye tó rí, ó sì ti mọ ohun tó máa fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹlòmíràn láàárín aláwàdà àti òǹwòran.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan àti àpótí tó ń sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn. WNTV ni wọ́n pè é, wọ́n sì ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa, ni Olórí Ìjọba nígbà náà. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1953, lẹ́yìn ìjà lórí ìgbà tí Nàìjíríà máa gba òmìnira, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ Action Group, wọn ò sì fún Awólọ́wọ̀ láyè láti fèsì níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti dí lẹ́nu bẹ́ẹ̀ á mọ ìdí tó fi yẹ kóun ní ẹnu tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àti ìròyìn ni ìjọba ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dà bí ìkòkò ilé oúnjẹ: ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan sè lójoojúmọ́. Fíìmù òyìnbó wà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré Yorùbá ló wá kún inú ìkòkò náà, Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládipọ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń lọ sópin, Aláwàdà náà wọlé, wọ́n sì jókòó pẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìgbà yẹn, wọn kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Ọ̀gá á là á kalẹ̀, oníkálukú á mọ ibi tí ìtàn ń lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu á sì jáde bó ṣe ń dé. Bàbá Sàlà ló ń ronú eré, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, òun náà ló ń kó ipa tó tóbi jù. Lónìí, a óò ní aṣàgbéjáde ètò ni.

Níbí yìí ni ẹnu géètì ti kọ́kọ́ yí padà. Géètì tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ti aláwàdà. Ilé iṣẹ́ ló ni ín, ìjọba ló sì ni ilé iṣẹ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún òṣèré lórí eré kan, òǹwòran ní tirẹ̀ kò san kọ́bọ̀ fún un. Ogún èèyàn lè kóra jọ sójú fèrèsé ilé kan ṣoṣo tó ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò, kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí, kí òṣèré má mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń ṣe é? Torí pé tẹlifíṣọ̀n ni agogo, ìtàgé ni ọjà. Ẹni tó bá ti rí Bàbá Sàlà nínú àpótí yẹn á fẹ́ rí i lójúkojú, ọjọ́ tó bá dé ìlú, gbọ̀ngàn á kún. Wọ́n tún ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àwàdà jáde, tí èèyàn lè gbọ́ nílé.

Ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni pé téèpù tí wọ́n ń gba eré sí wọ́n gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa ló máa ń gba nǹkan tuntun sórí ti àtijọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì kó WNTV àti àwọn yòókù sábẹ́ NTA ní 1977, téèpù tó kù bá wọn lọ. Báyìí ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn ọdún yẹn ṣe parẹ́. Ẹni tó ni àwàdà kò ní ẹ̀dà rẹ̀ kankan lọ́wọ́.

Àgbà tí kò ṣe bí àgbà

Kí ni wọ́n ń rín gan-an? Ẹ wo aṣọ rẹ̀ ná. Gíláàsì ńlá tí kò ní dígí nínú, táì olórí labalábá tó fẹ̀ ju ọrùn lọ, aago orí tábìlì tó so mọ́ ara bí ẹni so aago ọwọ́. Ohun gbogbo tí ọ̀làjú kó wá, ó wọ̀ ọ́, àmọ́ kò sí èyí tó wà ní ìwọ̀n tó yẹ. Ẹ wá wo ìwà rẹ̀. Àgbà ni, bàbá ni, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pè é, bí a ṣe ń pe bàbá gidi nílé. Ṣùgbọ́n ahun ni, ó lójú kòkòrò, obìnrin kan kò lè kọjá kó má tún táì ṣe. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá yìí, orí ọmọ tuntun lè wọ́ o, òun ń wo ẹni tó ń ta àkàrà. Gbogbo ohun tí a ń retí lọ́dọ̀ àgbà ló yí dorí kodò, àwa náà sì dá a mọ̀, torí kò sí agbo ilé tí kò ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ kan.

Lẹ́yìn aṣọ ni ọ̀rọ̀ kàn. Irú àwàdà yìí, orí ohùn ló máa ń dúró lé. Ẹ jẹ́ n fi àpẹẹrẹ tèmi ṣàlàyé, kì í ṣe ti Bàbá Sàlà o. Obìnrin kan dé gáréèjì Ṣágámù, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́." Bàbá arúgbó kan tún fìlà ṣe, ó ní: "Wàhálà rẹ ti tán, Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí mi sí." Ọkọ̀ ni obìnrin wí, ohùn ìsàlẹ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ ni bàbá gbọ́, ohùn àárín ni. Ohùn kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Ṣé bàbá kò gbọ́ dáadáa ni? Rárá o. Etí rẹ̀ dá ṣáká. Ohun tó wù ú ló yàn láti gbọ́, gbogbo èrò gáréèjì ló sì mọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti jáde.

Ìdí nìyí tí irú àwàdà bẹ́ẹ̀ kì í fi í ṣe é túmọ̀. Tí o bá gbé e sí èdè tí kò ní ohùn bíi tiwa, ó kú nìyẹn. Ọmọ tó bá sì rín in lásìkò tó yẹ, ẹ má wulẹ̀ dán an wò mọ́, ọmọ náà ti gbọ́ Yorùbá. Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú kíláàsì tí mò ń fi ìyàtọ̀ ohùn hàn lórí pátákó. Aláwàdà ń fi ìṣẹ́jú kan ṣe é. Ní 1978, ìjọba àpapọ̀ fi oyè MON dá a lọ́lá. Ó tọ́ sí i.

Ọ̀run Móoru

Ní 1976, Ọlá Balógun gbé fíìmù Àjàní Ògún jáde, Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Adé Love, sì ni òṣèré àgbà nínú rẹ̀. Òun ni bàbá Kúnlé Afọláyan tí ẹ mọ̀ lónìí. Fíìmù yìí fi han àwọn ẹgbẹ́ òṣèré pé sinimá lè kún bí gbọ̀ngàn ṣe ń kún. Ògúndé tẹ̀ lé e pẹ̀lú Aiyé. Ní 1982, ó kan Bàbá Sàlà. Ọlá Balógun ló bá a darí fíìmù náà, Ọ̀run Móoru, ìtàn ọkùnrin kan, Làmídì, tí wàhálà owó lé títí ó fi dé ọ̀run, tí wọ́n sì dá a padà.

Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ fíìmù ṣe rí nígbà yẹn. Kì í ṣe ti fóònù ìsinsìnyí. Orí sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ń yà á sí, òkè òkun ni wọ́n sì ń kó o lọ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́, kí wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Gbogbo ìnáwó ti parí kí ẹyọ tíkẹ́ẹ̀tì kan tó tà. Lẹ́yìn náà ni olówó fíìmù á gbé ẹ̀dà bíi mélòó kan àti ẹ̀rọ sinimá sínú mọ́tò, á máa gbé e káàkiri láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí alárìnjó, á sì tún dúró sẹ́nu géètì fúnra rẹ̀. Ó lè gba ọdún bíi mélòó kan kí owó tó padà wálé.

Bàbá Sàlà, lójú tèmi, ń gbìyànjú láti gba géètì rẹ̀ padà lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n ni. Èrò ọ̀hún dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà Ọ̀run Móoru bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì, wọ́n sì sọ ọ́ di kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ẹ rántí pé fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nígbà náà. Owó epo rọ̀bì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra ẹ̀rọ rẹ̀ sílé. Kí mọ́tò Bàbá Sàlà tó dé ìlú, àwọn ará ìlú ti wo fíìmù náà ní pálọ̀. Ta ló máa sanwó géètì mọ́? Gbèsè ńlá ló já lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ẹni tó jí àpò gààrí kan, àpò kan ló gbé lọ. Ẹni tó jí ẹ̀dà fíìmù kan, gbogbo ìlú tí fíìmù náà kò tíì dé ló kó lọ. Ọkùnrin tó ná owó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì kó ìkórè rẹ̀ lọ lóko kó tó débẹ̀, ṣé òun ni a óò sọ pé kò mọ owó tọ́jú?

Ṣé kò sófin ni? Òfin wà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti wà láti 1970, ṣùgbọ́n àwọn ìgbà tó kọ ọ́ kò mọ fídíò. Ọdún 1988 ni ìjọba ṣe òfin tó nípọn jù ú lọ, nígbà tó sì di 1989, àjọ tó ń mójú tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí Ọ̀run Móoru nígbà tí òfin yẹn dé.

Lẹ́yìn ìjàǹbá

Kò jókòó sunkún. Ààrẹ Àgbáyé jáde ní 1983, Mósebọ́látán tẹ̀ lé e, Adé Love ló sì darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1986 tí ìjọba mú ètò SAP wá, náírà já wálẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi owó òkè òkun ṣe di ohun tí apá ò ká mọ́. Sẹ́lúlọ́ìdì kú bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn òṣèré wá sá sí ni orí fídíò. Bàbá Sàlà náà ṣe tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Àgbà Man wà lára wọn. Ọ̀bẹ tó gé e lọ́wọ́ ló tún fi ń bẹ iṣu. Àgbéléwò sì nìyẹn, ohun tí gbogbo ayé wá ń pè ní Nollywood. Géètì tún kúrò lọ́wọ́ òṣèré, ó di ti àwọn oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì ní Ìdúmọ̀tà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018, Moses Ọláìyá dágbére fáyé ní Iléṣà.

Ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí ńkọ́?

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń fi fóònù ṣe àwàdà. Òun, àbúrò rẹ̀ àti ìró kan tó gùn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tí ó fi ń ṣe ìyá àgbà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́. Ó bi mí pé, "Bàbá, ẹ ṣáà ti kàwé, ṣé iṣẹ́ yìí lè bọ́ èèyàn?" Mo ní ó lè bọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ fún mi ẹni tó ni géètì. Ó ní òun ò mọ ohun tí mò ń wí. Mo wá ṣàlàyé: ilé iṣẹ́ kan tí kò dé Ṣágámù rí ló ń gbé àwàdà rẹ̀ fún òǹwòran, òun ló ń gba owó ìpolówó ọjà, òun ló ń pinnu iye tó máa fún un, ó sì lè ti géètì náà pa lálẹ́ ọjọ́ kan láì sọ ìdí. Àwọn ẹlòmíràn á gbé fídíò rẹ̀, wọ́n á gé orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi tiwọn sí i. Kò sí èyí tí Bàbá Sàlà kò tíì rí nínú gbogbo rẹ̀, irinṣẹ́ ló kàn yí padà.

Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo ń sọ fún yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibi méjì, ó kéré tán. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti orúkọ àwọn tó kópa. Tí ẹnìkan bá fẹ́ lo iṣẹ́ yín, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, àní kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ìwé kò ba ẹbí jẹ́. Òfin tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023 mọ íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, ó sì là á kalẹ̀ bí oníṣẹ́ ṣe lè ní kí wọ́n yọ iṣẹ́ òun kúrò níbi tí wọ́n jí i gbé sí. Àwọn tó ṣáájú yín kò ní irú rẹ̀. Ẹ lò ó. Kí ẹ má sì fi ìtàgé sílẹ̀ pátápátá: gbọ̀ngàn ṣì wà ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tó bá wá síbẹ̀ á sanwó sí yín lọ́wọ́.

Fún ẹ̀yin àgbà bíi tèmi, iṣẹ́ kékeré kan kù. Ẹ yẹ àjà àti àpótí yín wò. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Aláwàdà, kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti gbàgbé, ìwé ìròyìn Atọ́ka tí wọ́n máa ń fi fọ́tò ṣe eré sí, ẹ má sun ún, ẹ má fún alákàrà kó fi wé ọjà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ilé iṣẹ́ ti pa rẹ́ lè wà lábẹ́ ibùsùn ẹnìkan ní Rẹ́mọ.

"Oní" àti àwàdà ló di aláwàdà, mo ti sọ ọ́. Gírámà ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó ń dá wa lára yá ló ni ohun tó ń tà. Ó kù kí báǹkì náà gbà bẹ́ẹ̀.